Wọ́n Ní N Kò Débẹ̀

                                        Yàrá Kẹrìnlá,
                                        Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, èyí tó máa ń dùn yín bí ẹ bá ti tẹ máṣìnnì láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́? Bùọ̀dá ńkọ́, ṣé wọ́n ti gbà láti lọ yọ eyín yẹn, àbí wọ́n ṣì ń bá dókítà eléyín ṣeré bojúbojú? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó máa ń kó bọ́tìnnì sẹ́nu? Mo mọ̀ pé òun ló máa kọ́kọ́ gba lẹ́tà yìí lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó fún un.

Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Ẹ béèrè bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́ níbí. Nínú lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, mo sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, pé mo ti mọ èèyàn púpọ̀. Ẹ má bínú, irọ́ ni. Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí nìyẹn, ẹ̀yin ni mo sì pa á fún, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ẹ wá wo bí ó ṣe máa rí lára mi nígbà tí ẹnì kan fi yíǹkì pupa kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé mi pé òpùrọ́ ni mí, lórí ohun tí mo fi ojú ara mi méjèèjì rí! Ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ báyìí, inú ṣì ń bí mi. Bébà kejì nìyí, torí mo fi gègé ya àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwa mẹ́rin la wà ní yàrá wa. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan náà ni àwọn mẹ́ta yòókù ti jọ ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀, èkejì ni í parí rẹ̀, ẹ̀kẹta á sì ti máa rẹ́rìn-ín kí èmi tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí: kí n tó ro ohun tí mo fẹ́ sọ tán, ọ̀rọ̀ á ti kúrò níbẹ̀. Mo kàn máa ń wò wọ́n ni. Ni wọ́n bá sọ mí ní Fọ́tò, wọ́n ní bí fọ́tò ara ògiri ni mo rí, tó ń wo gbogbo ilé láìwí nǹkan kan. Èyí tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè tèmi ló fún mi lórúkọ náà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, nítorí náà èmi pẹ̀lú sọ ọ́ ní Rédíò, nínú ọkàn mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ nípa àwọn ohun ẹlẹ́mìí fún wa ní iṣẹ́ kan. Ìyá àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì. Màmá Bàtà Rọ́bà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n, nítorí pé bàtà òjò ni wọ́n ń wọ̀ wá sí kíláàsì, ìbáà ṣe òjò, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí oníkálukú wá ibì kan níta, kí ó máa lọ jókòó síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko. Ibì kan náà ni o, láìgbé fóònù dání. Kí a máa kọ ohun tí a bá rí sínú ìwé kan. Wọ́n wá ní, "Ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ ohun tí ẹ mọ̀. Ohun tí ẹ mọ̀, ẹlòmíràn ti kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó bí yín."

Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ ni èmi lọ, níbi tí bàbá alágbàfọ̀ ń sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sí. Igi gúáfà kan wà níbẹ̀ tí kò ga púpọ̀, búlọ́ọ̀kù méjì tí àwọn bíríkìlà gbàgbé sì wà nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ kò lẹ́wà rárá. Omi ọṣẹ ń ṣàn kọjá nínú gọ́tà kékeré kan, òórùn rẹ̀ a sì máa ta èèyàn nímú. Mo yàn án nítorí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ síbẹ̀. Níbi tí kò bá sí èèyàn, kò sẹ́ni tó máa bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo wo aago ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, mo rí èèrà. Lọ́jọ́ kẹta àti ọjọ́ kẹrin, n kò rí nǹkan kan, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Lónìí, n kò rí nǹkan kan." Lọ́jọ́ karùn-ún ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Mo rí i pé koríko tó wà létí gọ́tà pupa ju àwọn yòókù lọ, ó jọ pé ọṣẹ ń pọ́n ọn lójú. Aláǹgbá kan wà tó máa ń mi orí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sáré. Bó bá mi orí lẹ́ẹ̀mejì péré, kò ní sáré, á kàn tún dùbúlẹ̀ bí ẹni tó rántí pé òní ni ìsinmi. Ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹjọ, ojú ọjọ́ ṣú, gbogbo nǹkan sá pamọ́, n kò sì rí nǹkan kan. Mo tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, n kò wo aago mọ́. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Nínú yàrá, àwa mẹ́rin la wà, síbẹ̀ ṣe ni mo ń ka ìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́. Lábẹ́ igi yẹn, kò sẹ́ni tó ń retí kí n sọ ohun tó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ewé ń mì, èmi ń wò ó, ó sì tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú mi bá pé, ara mi á fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Bàbá alágbàfọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbé agbọ̀n aṣọ lé èjìká, wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí.

"Ọmọ mi, ta lò ń dúró dè?"

Mo ní n kò dúró de ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n lé ẹ jáde ní yàrá ni?"

"Rárá, sà."

"Àbí ìwé ti pọ̀ jù, ó ti ń gun orí?"

Mo fi ìwé mi hàn wọ́n, mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni, pé kòkòrò àti ẹyẹ ni mò ń wò. Wọ́n wo igi, wọ́n wò mí, wọ́n mi orí. "Ayé ti yí o. Nígbà tí èmi ń wo ẹyẹ lọ́mọdé, ẹgba ni bàbá mi fi lé mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin, wọ́n tún máa fún yín ní sáàtífíkéètì."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni àdàbà méjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sórí igi náà. Ẹ̀gbọ́n mi, ilé burúkú gbáà! Igi wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni, tí wọ́n kàn tò léra bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Nígbà tí wọ́n yé ẹyin méjì sí i, mo ń rí ẹyin náà gba abẹ́ ìtẹ́. Bí ẹ̀yin bá rán aṣọ báyẹn fún oníbàárà, àgọ́ ọlọ́pàá lẹ máa sùn. Nígbà tí mo fi ẹyin náà han bàbá alágbàfọ̀, wọ́n wò ó, lọ́jọ́ kejì mo sì rí i pé wọ́n ti tú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, wọ́n ti lọ so ó mọ́ òpó mìíràn, kí aṣọ má baà máa gbá ìtẹ́ náà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àdàbà kan kì í yàtọ̀ sí èkejì lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kò ní ìka kan lẹ́sẹ̀ òsì. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí ohun tí mo rí. Ní àárọ̀, èyí tí ìka rẹ̀ pé ló máa ń sàba lórí ẹyin. Bó bá ti kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù tàbí kó ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán, èyí tí kò ní ìka á dé, á bà sórí ẹ̀ka, á máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó wà nínú ìtẹ́ á dìde, á fò lọ, èkejì á sì jókòó sórí ẹyin títí di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn gẹ́lẹ́. Àkókò tí mo ń lọ kò dọ́gba, bí kíláàsì bá ṣe jẹ́ kí n ráyè ni, nítorí náà mo rí ti àárọ̀, mo rí ti ọ̀sán, mo sì rí ti ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pààrọ̀ lójú mi kòrókòró. N kò kọ ọ́ pé akọ lèyí, abo nìyẹn, torí pé ojú kò lè mọ̀ ọ́n. "Ọ̀kan" àti "èkejì" ni mo kọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, wọ́n pa ọmọ méjì, ọmọ tó burẹ́wà bí ẹ̀gúsí tó jóná, mo sì sunkún ayọ̀ lórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ kan kí a kó ìwé wa jọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Rédíò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, wọ́n fi ọ̀sán kan ṣoṣo kọ ọgbọ̀n ọjọ́. Gègé mẹ́ta ni wọ́n ń pààrọ̀, kí ó lè dà bíi pé ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀kan tiẹ̀ wọ́n tíì sórí ewé ìwé mẹ́ta, ó ní ìrì ni. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Fọ́tò, jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni òjò rọ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún wọn! Ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tí wọn kò ti bi mí ní nǹkan kan, inú mi dùn pé mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Rédíò kọ ọ́ pé idì kan máa ń bà sórí òrùlé ilé wa láràárọ̀. Idì! Lórí òrùlé páànù tí a ń sá bàtà sí! Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò bínú sí wọn nígbà yẹn, n kò sì bínú sí wọn báyìí. Bó wu wọ́n kí wọ́n rí erin, ó kàn wọ́n.

Ẹni tí mò ń bínú sí ni ẹni tó máàkì ìwé wa. Màmá Bàtà Rọ́bà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, wọ́n sì fi ìwé wa sílẹ̀ fún ọ̀dọ́kùnrin tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Rúlà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ń máàkì, rúlà ló fi ń fa ìlà pupa sábẹ́ ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n lẹ èsì mọ́ ara ògiri ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Rédíò gba mẹ́rìndínlógójì nínú ogójì. Èmi gba mẹ́sàn-án.

Mo rò pé wọ́n ṣe àṣìṣe ni. Mo gba ìwé mi, mo ṣí i. Lábẹ́ ibi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ àdàbà méjèèjì, ó fa ìlà mẹ́ta, ó kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni. Ìyá ẹyẹ nìkan ló ń sàba. O kò débẹ̀." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tí n kò rí nǹkan kan, ó kọ "Ọ̀lẹ", "Ọ̀lẹ", "Ọ̀lẹ", "Ọ̀lẹ". Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé pé kí n tún gbogbo rẹ̀ kọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kí n fi ìwé ẹni tó ṣe dáadáa ṣe àwòkọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó tún ẹ̀kọ́ náà ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ mọ ẹni tí ó ní ó ṣe dáadáa. Rédíò onídì ni.

Ẹ mọ̀ pé n kì í lọ bá èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ìwọ lo ni ìwé àdàbà?" Mo ní èmi ni, sà. Ló bá yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ọmọ tí mo sọ fún ẹ nìyí o, tó ní bàbá ẹyẹ ń sàba."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Bóyá ìyá ẹyẹ lọ ṣe irun."

"Bàbá tèmi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé mi láyé yìí. Ìyá mi ní mo tọ̀ sí i lára, ó sì dá mi padà lójú ẹsẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí búrẹ́dì fi há ọ̀rẹ́ náà lọ́fun.

Mo ní, "Sà, mi ò kọ bàbá."

"O kọ ọ́ pé ọ̀kan dìde, èkejì jókòó. Ta wá ni èkejì? Àbúrò ọkọ?"

Ó ṣí ìwé kan tó nípọn, ó fi àwòrán ẹyẹ kan hàn mí lórí ìtẹ́, wọ́n kọ "ìyá ẹyẹ" sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú ìwé lòun fi ń máàkì. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó wá wò ó, pé àwọn ọmọ ti fò lọ ṣùgbọ́n àwọn àdàbà náà ti tún yé ẹyin sínú ìtẹ́ kan náà, pé ogún ìṣẹ́jú péré ni. Ó ní, "Akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́fà ni mo ní. Tí mo bá ń lọ wo ẹyẹ olúkúlùkù, ìgbà wo ni màá jẹun? Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ ni kó o lọ, ẹ kúkú jọ wà ní yàrá kan náà. Wo bó ṣe kọ tiẹ̀. Ìyẹn là ń pè ní àkíyèsí."

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ bí mo ṣe rìn jáde. Kì í ṣe máàkì ló dùn mí jù. Nínú gbogbo ìlú yìí, ibì kan ṣoṣo ló wà tí mo lè sọ pé mo mọ̀. N kò mọ ọjà wọn, n kò mọ ilé ẹnikẹ́ni, n kò mọ ibi tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ bí wọ́n bá múra. Ìdí igi gúáfà yẹn nìkan ni. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí ló wá ń sọ fún èmi pé n kò débẹ̀! Ó mọ̀ ọ́n láti orí àga rẹ̀! Ẹni tó débẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹni tí kò débẹ̀ ní yíǹkì pupa.

Bí mo bá sọ pé n kò gbìyànjú láti tún un kọ, màá tún purọ́ fún yín. Rédíò fún mi ní ìwé rẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́. "Kọ ọ́ jàre, Fọ́tò. Àdàbà ò lè bá ẹ wọ kíláàsì kejì." Mo kọ ọjọ́ kìíní: "Mo rí idì kan lórí òrùlé." Mo kọ ọjọ́ kejì: "Idì náà tún wá." Nígbà tí mo dé ọjọ́ kẹta, ọwọ́ mi kọ̀. Ọjọ́ kẹta tèmi, n kò rí nǹkan kan. Mo rántí bí ara ṣe hun mí lórí búlọ́ọ̀kù yẹn lọ́jọ́ náà, bí oòrùn ṣe ta mí lọ́rùn, bí mo ṣe fẹ́ dìde lọ tí n kò lọ. N ó wá fi idì rọ́pò rẹ̀? Mo dá ìwé padà fún Rédíò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ìdí igi mi. Iṣẹ́ ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n n kò tíì yé lọ. Bàbá alágbàfọ̀ rí ojú mi, wọ́n ní kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ̀rọ̀ ju bí mo ti sọ̀rọ̀ láti oṣù méjì lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ju aṣọ tó wà lọ́wọ́ wọn sínú agbọ̀n. "O ò débẹ̀ kẹ̀? Tí o ò bá débẹ̀, ta ni mo wá ń yí okùn aṣọ mi kúrò fún? Iwin?" Wọ́n ní bí kò bá jẹ́ pé aṣọ tutù wà nílẹ̀, àwọn ìbá tẹ̀ lé mi lọ bá Rúlà. Wọ́n ní kí n lọ bá ẹni tó fún wa ní iṣẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà, mo lọ sí ilé Màmá Bàtà Rọ́bà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Wọ́n fi jígí dúdú sójú, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, bàtà òjò sì wà lẹ́sẹ̀ wọn nílé pàápàá. Wọ́n ní dókítà kò tíì fún àwọn láyè láti kàwé, pé kí n kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn. Èmi! Èmi tí n kì í lè ka ìpínrọ̀ kan ní kíláàsì! Mo bẹ̀rẹ̀, ohùn mi ń gbọ̀n. Nígbà tí mo dé ọjọ́ kẹta, wọ́n ní, "Dúró. Tún ìyẹn kà." Mo tún un kà. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n máa lọ. Kí n tó dé ọ̀rọ̀ àdàbà, ohùn mi ti dúró ṣinṣin. Mo ka ọgbọ̀n ọjọ́ tán, mo sì ka ohun tí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ.

Màmá ní, "Àdàbà akọ máa ń sàba. Ọ̀sán ni tiẹ̀. Ẹni tó bá jókòó tì í ló máa ń rí i." Wọ́n wá béèrè bóyá àwọn ẹgbẹ́ mi lọ jókòó níbi tiwọn. Mo ní, "Mi ò mọ ohun tí ojú wọn rí, mà. Ohun tí ojú tèmi rí ni mo kọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí n lọ fọkàn balẹ̀, àwọn á ní kí akọ̀wé ọ́fíìsì àwọn tún máàkì mi ṣe, á sì pa ọ̀rọ̀ pupa yẹn rẹ́.

N kò mọ ibi tí ẹnu ti wá. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó kọ ọ́ ni mo fẹ́ kó pa á rẹ́."

Wọ́n yọ jígí wọn, wọ́n wò mí pẹ̀lú ojú tó ṣì pọ́n. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe Rúlà níwájú mi. "Lọ́jọ́bọ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Ogún ìṣẹ́jú. Fi fóònù rẹ sílẹ̀ kí o tó lọ."

Ó wá ní Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí búlọ́ọ̀kù kí ṣòkòtò rẹ̀ má baà dọ̀tí. Àdàbà tí ìka rẹ̀ pé wà lórí ẹyin, kò mira. Rúlà ń bi mí ní gbogbo ìgbà pé, "Ó ku ìṣẹ́jú mélòó?" Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú kẹrìnlá, ó dìde, ó ní ìyá ẹyẹ kan ṣoṣo lòun rí, ó ń lọ. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn ìyẹn tí èkejì fi dé! Bàbá alágbàfọ̀ sáré jáde, wọ́n ń ju ọwọ́, wọ́n ń pariwo pé, "Ọ̀gá! Ọ̀gá! Ẹ padà o, ó ti dé!" Ọ̀gá ti kọjá ilé ìkàwé. Ó lọ sọ fún Màmá pé òun jókòó, òun kò rí nǹkan kan. Màmá bi í pé fún ìṣẹ́jú mélòó. Kò lè purọ́ fún wọn. Wọ́n ní kó padà lọ́la.

Ní àná, ó padà wá, ojú rẹ̀ korò bí ẹni tí wọ́n rọ lágbo. Kò gbé fóònù wá. Ó jókòó. Ní ìṣẹ́jú kejìlá, aláìníìka bà sórí ẹ̀ka, ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, èkejì dìde, ó fò lọ, òun sì wọlé, ó fi ẹnu tún ẹyin tò, ó jókòó lé e. Bàbá alágbàfọ̀ wí láti ìdí okùn aṣọ wọn pé, "Bàbá ẹyẹ, ẹ kú iṣẹ́ o!" Rúlà kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ní, "Ó mà ń ṣe é lóòótọ́." Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò dìde nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé. Ó tún jókòó díẹ̀ sí i, kò bi mí ní aago. Ó wá gba ìwé mi, ó fa ìlà pa "Irọ́ ni" rẹ́, ó pa "O kò débẹ̀" rẹ́, ó sọ mẹ́sàn-án di mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ má tíì yọ̀ o. Mo ṣí ìwé náà. "Ọ̀lẹ" mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níbẹ̀ síbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ka sí i. Ó ní, "Ìyẹn lọ́rọ̀ ọ̀tọ̀. O ò rí nǹkan kan, o ò sì kọ nǹkan kan." Ó gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀, ó lọ. Èmi sì dúró bí fọ́tò ara ògiri! Láti àná ni mo ti ń dá a lóhùn nínú ọkàn mi. Ta ni kò lè jókòó lọ́jọ́ tí àdàbà ń pààrọ̀? Rúlà pàápàá jókòó. Ọjọ́ mẹ́rin tí kò sí nǹkan kan yẹn ló le. Bí mo bá ti torí wọn sá lọ, n kì bá ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àdàbà gbé igi àkọ́kọ́ wá. Bó di ọjọ́ Ajé, n ó gbé ìwé náà padà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, kó jẹ ẹ́. N ó sọ fún un pé lọ́jọ́ tí n kò rí nǹkan kan, mo wà níbẹ̀.

Rédíò gbọ́ pé mo mú Rúlà jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ó rẹ́rìn-ín débi pé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń ké. Ó ní ṣé òun lè bá mi lọ wò ó lọ́la. Mo ní kó má gbé fóònù dání, kó sì gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́. Ó ní òun á ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì sọ fún aládùúgbò yín tó ní àwọn onílé ìwé ò ṣe nǹkan kan ju ìjókòó lọ pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni. Ẹ máa fún orúnkún yín nísinmi. Ẹ fèsì kíákíá.

Èmi ni àbúrò yín tí inú ṣì ń bí,

Kékeré.